Owó Ìdọ̀tí: Ká Rí Iṣẹ́ Rẹ̀ Ká Tó San Án

Ọ̀rọ̀ tí àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì sọ níwájú àwọn ọba, àwọn baálẹ̀ àti ará ìlú Tatonnonkon

  

Wọ́n ní kí àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìntì wá sọ̀rọ̀ lórí owó ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ náà ti ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu. Àwọn kan ní: “À ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà, à ń san owó lórí ẹrù tí a kó jáde lóko, síbẹ̀ ààtàn ń ga sí i. Kí la tún fẹ́ san owó ìdọ̀tí sí?” Àwọn mìíràn ní bí a ò bá san, ta ni yóò wá kó o? Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ní ìdí.

A ò wá síbí láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má san owó ìlú. Ẹni tó ti jẹ owó oṣù ìjọba rí kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: owó tí a san tí a ò rí iṣẹ́ rẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ni. Owó tí a san tí a rí iṣẹ́ rẹ̀, ìdáwó ni. Ará ilẹ̀ yìí mọ ìdáwó dáadáa. Ìṣákọ́lẹ̀ ló ń bí wọn nínú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: ta ni òfin gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́? Òfin 97-029 ti ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999, tó ṣètò àwọn kọ̀mún nígbà náà, ti sọ pé kọ̀mún ló ni kíkó ìdọ̀tí ilé. Kì í ṣe pé mérì ń ṣe wá lóore bó bá kó o, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 12 oṣù kejì, òfin 98-030 lórí àyíká jáde. Ó ní ẹni tó bá ba àyíká jẹ́ ni kó san owó àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìyá arúgbó tó ń yan gàrí, èèpo ẹ̀gẹ́ ni ìdọ̀tí tirẹ̀, ewúrẹ́ á sì jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń kó ọ̀rá ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ ọjà ńkọ́? Ṣé iye kan náà ló yẹ kí àwọn méjèèjì san?

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí náà, ìyẹn sàṣé, ó ti lófin tirẹ̀. Òfin 2017-39 ti ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2017 ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é, má kó o wọlé, má tà á, má sì lò ó ní Bẹ̀nẹ̀ẹ̀ mọ́, bí kò bá jẹ́ irú èyí tó lè jẹrà. Ẹ lọ sọ́jà lónìí, ẹ ra ata igba fàráńkì, kí ẹ wo ohun tí wọ́n máa fi dì í fún yín. Ẹ̀bi ọlọ́ta kọ́. Wọ́n gba ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé, wọn ò fi nǹkan mìíràn sí i lọ́wọ́. Ààlà Nàìjíríà ò sì jìnnà sí wa.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ìlú ńlá, ká lè fi kọ́gbọ́n. Ní Kùtọnu àti Àjàṣẹ́, tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń ti ọmọlanke kiri ni ilé kọ̀ọ̀kan ń sanwó oṣù fún. Nígbà tí kò tó mọ́, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ SGDS-GN sílẹ̀ ní 2018 fún kọ̀mún márùn-ún: Kùtọnu, Abomey-Calavi, Ouidah, Sèmè-Podji àti Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ dé, àwọn agbálẹ̀ dé, títì mọ́. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí náà lọ? Ilẹ̀ tí wọ́n ń rì í mọ́ wà ní Ouèssè, lọ́nà Ouidah, òmíràn sì wà ní Takon, ní Sàkétẹ́, nínú Plateau wa níbí. Ìlú ńlá ní oko tí yóò kó ìdọ̀tí rẹ̀ lọ. Àwa tí a jẹ́ ará oko, oko ta ni a ó kó tiwa lọ? Ìdí nìyẹn tí a ò fi lè da ètò Kùtọnu kọ bí ó ṣe rí ká gbé e wá sí Tatonnonkon.

Ẹ wo Èkó náà. Ní 2017, lábẹ́ gómìnà Ambode, wọ́n gba ìdọ̀tí ilé lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ PSP tó ti ń kó o, wọ́n gbé e fún Visionscape, ilé-iṣẹ́ tuntun. Nígbà tó fi máa di 2018, òkìtì ìdọ̀tí ti gba ẹ̀bá títì. Nígbà tó yá, wọ́n dá àwọn PSP padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọkọ̀ tuntun àti owó ńlá kò tó. Bí ẹni tó mọ àdúgbò kò bá sí nínú ètò, ètò á dàrú.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ti ìyàsọ́tọ̀. Àwọn kan ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ní garawa méjì, ọ̀kan fún ohun tó ń jẹrà, ọ̀kan fún ọ̀rá àti agolo. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n a ti rí ibi tí ìyàwó ilé ya ìdọ̀tí rẹ̀ sọ́tọ̀ láàárọ̀, tí ọkọ̀ kan náà dé, tó da méjèèjì pọ̀ sínú ikùn kan. Lọ́jọ́ kejì, ta ni yóò tún yà á? Àwọn òyìnbó pàápàá, tí wọ́n ní garawa mẹ́ta mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà, Ṣáínà ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú ike tiwọn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, Ṣáínà ní òun ò gbà á mọ́, ọ̀rọ̀ sì di rúdurùdu. Àjọ OECD ṣírò rẹ̀ ní 2022: nínú gbogbo ìdọ̀tí ike àgbáyé, ìdá mẹ́sàn-án péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n tún lò. Ìyàsọ́tọ̀ nìkan kò ṣe nǹkan kan, bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ ohun tí a yà.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ta ló rí ìgò bíà nílẹ̀ lójú ọ̀nà wa rí tó pẹ́ níbẹ̀? Kò sí, torí pé owó wà lórí ìgò. Ẹni tó bá dá a padà, ó gba owó rẹ̀. Bìdọ́n òróró ńkọ́? Àwọn ìyá wa ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń tà á, epo pupa ń wọ inú rẹ̀. Irin tó ti dípẹtà, àwọn tó ń rà á ń kiri ilé dé ilé. Kò sẹ́ni tó ṣe ìpàdé lé gbogbo ìyẹn lórí, kò sẹ́ni tó sanwó ìdọ̀tí kó tó ṣẹlẹ̀. Jámánì náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2003: wọ́n fi ẹ̀yáwó sẹ́ńtì 25 lé ìgò ike àti agolo, àwọn ènìyàn sì ń kó o padà. Ohun tó bá lówó lórí kì í sùn lójú títì.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé, ká gbé e lọ síwájú C.A. àti ìgbìmọ̀ kọ̀mún ní Adja-Ouèrè.

Èkíní, kí ìṣirò wà lára ògiri. Kí wọ́n kọ ọ́ sí ọ́fíìsì arrondissement àti sí ẹnu ọjà: iye tí a gbà, iye tí a ná, ẹni tí a san án fún. Kí wọ́n máa kà á ní Nàgó sétígbọ̀ọ́ àwọn baálẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Òfin 2015-07 ti fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìròyìn iṣẹ́ ìjọba. Kì í ṣe ìjà là ń wá.

Èkejì, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjà, níbi tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé tẹ́lẹ̀. Bí ọjà bá mọ́ fún oṣù mẹ́ta, ilé á dáwó láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀kẹta, kí a wá ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ń lọ kí a tó ní kí ilé yà á. Èèpo, ewé àti ìgbẹ́ ẹran, oko ló ń lọ. Songhaï tí bàbá Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1985 ti fi han gbogbo wa pé ajílẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìdọ̀tí. Irin, ìgò àti bìdọ́n ní olùrà. Ohun tó bá ṣẹ́kù, ọ̀rá, pílì tọ́ọ̀ṣì, àfọ́kù, òun nìkan ni kí kọ̀mún wá kó. Ẹrù ọkọ̀ á dín kù, owó tí a ó san á dín kù pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin, kí oníṣòwò ńlá san ju opó lọ. Ẹni tí kò ní, kí baálẹ̀ rẹ̀ jẹ́rìí, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí kíkó ìdọ̀tí bá dúró, kí gbígba owó náà dúró. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó gba fàráńkì kan.

Ará ilé náà ní ipa tirẹ̀. Kí a má da ọ̀rá sódò. Kí a má fi ọ̀rá dáná, torí èéfín rẹ̀, ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò ló ń fà á símú. A ò lè máa bá kọ̀mún jà nípa ààtàn ọjà kí á sì máa sọ etí odò di ààtàn.

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin baálẹ̀, ọwọ́ yín ló kù sí. Bí ará ìlú bá dá sọ ọ́, wọ́n á ní aláìgbọràn tí kò fẹ́ sanwó ni. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, á di ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹ bá wa béèrè ìwé ìṣirò tíkẹ́ẹ̀tì ọjà kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó pé. Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.