Ogbó Ni, Tàbí Oògùn?

Ẹ lè máa bi ara yín léèrè ohun tí ó pa olùkọ́ lítíréṣọ̀ pọ̀ mọ́ oògùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni. Bí àgbàlagbà bá ṣubú lóru, tàbí tí iyè rẹ̀ bá ra, gbólóhùn kan náà ni à ń sọ: "Ogbó ni." Gbólóhùn yìí a sì máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwádìí.

Nígbà tí ìyá mi lé ní 80 ọdún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ bàbá mi tí ó ti di olóògbé pè mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣubú lọ́nà balùwẹ̀. A ní wọ́n ń ṣarán ni. Ọ̀dọ́mọdé apoògùn kan ni ó ní kí a kó gbogbo oògùn wọn sínú àpò wá. Ó dà á sórí tábìlì: Piriton fún ara yíyún, Valium fún oorun, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú páálí méjì.

Kò sí ẹni tí ó mọ oríkì tí kò mọ̀ pé ẹnì kan a máa ní orúkọ àbísọ, a sì tún máa ní ìnagijẹ. Amlodipine ni ó wà nínú páálí méjèèjì. Ìnagijẹ tí ilé-iṣẹ́ fún un ni a kọ gàdàgbà sára ọ̀kan. Ìlọ́po méjì ni ìyá mi ń lò, ẹnikẹ́ni kò fura.

Bí ọjọ́ orí bá ń ga, kíndìnrín kì í tètè fọ oògùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ náà a sì falẹ̀. Inú ọ̀rá ara ni Valium ń fara pamọ́ sí, ó sì lè pẹ́ lọ́jọ́ púpọ̀ kí ó tó tán. Piriton a máa da ọpọlọ àgbà rú. Ní 1991 ni Mark Beers, dókítà ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ to orúkọ àwọn oògùn tí kò yẹ arúgbó. Àtúnṣe ti 2023 ka oògùn méjèèjì yìí mọ́ ọn.

Ọmọ náà tún bi mí pé, "Bàbá, àgbo wọn ńkọ́?" Ojú tì mí. Kí oníhóró tó dé ni èdè wa ti ń pe egbò igi ní oògùn, síbẹ̀ ìgò àgbo kò sí nínú àpò wa.

Dókítà ní kí a fi Piriton sílẹ̀, ó sì yọ páálí kan. Kò gbà kí a dá Valium dúró lójijì, nítorí ó ti mọ́ wọn lára. Díẹ̀díẹ̀ ni ó dín in kù. Ní oṣù kejì, ìyá mi pè mí ní orúkọ mi, wọ́n sì bèèrè ẹni tí ó jí oògùn wọn kó.