Kò Sí Ọmọ Tí Ó Ṣàdédé Yìnbọn: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìpànìyàn ní Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí ẹ ń gbọ́ wa lórí ẹ̀rọ ayélujára, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín ju bí ó ṣe kan àwa tí a wà nílé lọ.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ wa, tí ó sì ti ń gbé ní Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀, pè mí lórí fóònù lóru. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 13. Ẹnìkan ti kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára pé òun ń bọ̀ wá yìnbọn ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà. Àwọn ọlọ́pàá ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ kò lè sùn mọ́. Ó ní, "Olúwo, ẹ bá wa dá Ifá sí i. Ẹ bá wa ṣe ohun tí ọta ìbọn kò fi ní bá ọmọ yìí." Mo dá Ifá. Mo sọ ẹbọ tí ó jáde fún un. Lẹ́yìn náà ni mo bi í ní ohun tí kò retí: "Ẹ̀gbọ́n, ǹjẹ́ ìbọn wà nínú ilé tiyín?" Ó ní ó wà, nítorí olè. Mo ní níbo ni ó ń sùn? Ó ní abẹ́ ìrọ̀rí òun. Mo ní ǹjẹ́ ọta wà nínú rẹ̀? Inú bí i díẹ̀. Ó ní, "Olúwo, ìbọn tí kò ní ọta, kí ni a fẹ́ fi ṣe?"

N óò padà sọ́dọ̀ ọkùnrin yìí.

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn oníròyìn wa bá ń sọ̀rọ̀ irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀ lórí rédíò, wọ́n á ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan "ṣàdédé" wọ ilé-ẹ̀kọ́, ó "ṣàdédé" da ìbọn bolẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn-ún sọ, ó sì rọrùn fún etí. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá pè ní àdédé, a ti gbà pé kò ní ìdí, kò sí ẹni tí ó lè rí i tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí a lè bi léèrè. Mo wá síbí lónìí láti bẹ̀ yín pé kí a yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìtàn yìí.

Ẹ wo Columbine, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1999. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì pa akẹ́kọ̀ọ́ 12 àti olùkọ́ kan lọ́jọ́ náà, wọ́n sì pa ara wọn. Ó ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi pète rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n ya fídíò ara wọn, wọ́n ṣe àdó olóró tí wọ́n fẹ́ fi wó ilé oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà lulẹ̀, tí kò kàn bú ni. Wọn kò tíì tó ọjọ́ orí tí wọ́n lè ra ìbọn fúnra wọn nígbà tí wọ́n ń wá a. Ọ̀rẹ́ wọn kan tí ó ti pé ọdún 18 ni ó bá wọn ra mẹ́ta níbi ìpàtẹ ìbọn. Iṣẹ́ ọdún kan kọ́ ni a ń pè ní àdédé.

Lẹ́yìn rẹ̀, Secret Service, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń dáàbò bo ààrẹ Amẹ́ríkà, àti iléeṣẹ́ ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn ṣe ìwádìí lórí ìkọlù 37 tí àwọn ọ̀dọ́ 41 ṣe sí ilé-ẹ̀kọ́ láàárín ọdún 1974 sí 2000. Wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2002. Mo ti ka àbọ̀ ìwádìí yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo òbí mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú ìkọlù 81 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán ẹnìkan mìíràn ti mọ̀ pé ọmọ náà ń gbèrò nǹkan. Ta ni ẹni náà? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, tàbí àbúrò rẹ̀. Nǹkan bí 93 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ wọ̀nyí ti hùwà tí ó kọ ẹlòmíràn lóminú ṣáájú ọjọ́ náà. Nǹkan bí 71 gbà pé àwọn ẹlòmíràn ń fínràn àwọn, ń fìyà jẹ àwọn, tàbí ti ṣe àwọn léṣe. Nǹkan bí 78 ti ronú láti pa ara wọn tàbí kí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Ìbọn tí 68 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lò, láti inú ilé wọn tàbí ilé ìbátan ni wọ́n ti mú un.

Mo mọ̀ pé a máa ń yára pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní wèrè. Ìwádìí kan náà fi hàn pé àwọn tí dókítà ti yẹ̀ wò tí ó sì sọ pé ààrùn ọpọlọ ń ṣe wọ́n kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Kò sì sí àwòrán ọmọ kan tí a lè gbé kọ́ ògiri pé bí apànìyàn ṣe ń rí nìyí. Àwọn kan nínú wọn dá wà, àwọn kan ní ọ̀rẹ́. Àwọn kan ń gbá òdo nínú ìdánwò, àwọn kan ń gba A. Ohun tí ó so ọ̀pọ̀ wọn pọ̀ ni pé ayé ti sú wọn, wọ́n sì ti rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ọmọ tí ó fẹ́ kú tí ó sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun kú ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwa tí a gbà pé orí ni ẹni ń gbé wá sáyé mọ bí ó ti le tó nígbà tí ènìyàn bá kọ orí ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó lè má dùn mọ́ gbogbo wa. Nínú ẹgbẹ́ wa níbí, mo ti gbọ́ ọ pé àìbọ̀wọ̀ fún òrìṣà ni ó fà á, pé ìlú tí kò mọ Ọlọ́run ni Amẹ́ríkà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lọ sí ilé ìjọsìn ju àwọn ará Ìlú Ọba àti Jápáànù lọ, síbẹ̀ irú ìpànìyàn yìí kò wọ́pọ̀ ní ìlú méjèèjì tí mo dárúkọ. Àwọn mìíràn ní àìna ọmọ ni. Ní Texas, òfin ṣì gba ilé-ẹ̀kọ́ láyè láti fi pákó na akẹ́kọ̀ọ́. Texas náà ni Uvalde wà, níbi tí ọmọ ọdún 18 kan ti pa ọmọ kéékèèké 19 àti olùkọ́ méjì ní oṣù karùn-ún ọdún 2022. Ní ti eré orí kọ̀ǹpútà, n kò ní fi àkókò wa ṣòfò: àwọn ọmọ Jápáànù ń ta á tọ̀sán tòru.

Ohun tí Amẹ́ríkà ní tí àwọn ìlú wọ̀nyẹn kò ní ni ìbọn. Àwọn olùwádìí Small Arms Survey ní Geneva fojú bù ú ní 2018 pé ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 393, ó ju iye àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ. Láti ọdún 2020, ìbọn ni ó ń pa àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ ọdún 1 sí 19 jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, ó ti borí ìjàǹbá ọkọ̀. Èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú ikú wọ̀nyí kò ṣẹlẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ rárá. Inú ilé àti ìgboro ni.

Ọmọ a máa bínú níbi gbogbo. A máa ń fi ọmọ ṣẹ̀sín ní Ìbàdàn bí a ti ń fi í ṣẹ̀sín ní Michigan. Èmi fúnra mi, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ń pè mí ní ọmọ onífá ẹlẹ́bọ, wọ́n ń da omi sí mi lórí ibùsùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbèrò ohun tí n kò lè sọ níwájú yín. Ohun tí ó wà nítòsí mi ni igi ìgbálẹ̀. Mo máa ń ronú nípa igi ìgbálẹ̀ náà nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ irú ìròyìn yìí.

Ní Dunblane, ní Scotland, ní oṣù kẹta ọdún 1996, àgbàlagbà kan wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Àwọn òbí kó ìbuwọ́lùwé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn jọ. Nígbà tí 1997 yóò fi parí, òfin ti gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Láti ìgbà náà, irú rẹ̀ kò tún ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀. Amẹ́ríkà kò ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Newtown ní 2012, níbi tí wọ́n ti pa ọmọ 20 tí wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà àti méje lọ, àti àgbàlagbà mẹ́fà. Ìbọn tí ẹni náà lò, ìyá rẹ̀ ni ó rà á. Ìyá náà ni ó kọ́kọ́ pa.

Àwọn kan ní kí a fi ẹ̀ṣọ́ tí ó ní ìbọn sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ wà ní Columbine. Ẹ̀ṣọ́ wà ní Parkland ní 2018, níta ni ó dúró sí nígbà tí wọ́n ń pa ènìyàn 17. Ní Uvalde, àwọn agbófinró tí ó dé síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400, síbẹ̀ ìṣẹ́jú 77 kọjá kí wọ́n tó wọlé bá apànìyàn náà.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Oxford, ní Michigan, ní 2021, nítorí pé ó ṣeé dá dúró títí di wákàtí tí ó kẹ́yìn. Bàbá ra ìbọn ìléwọ́ ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, ọmọ ọdún 15 ni ó sì rà á fún. Lọ́jọ́ 29, olùkọ́ kan rí i tí ọmọ náà ń wo ọta ìbọn lórí fóònù. Láàárọ̀ ọjọ́ 30, olùkọ́ mìíràn rí àwòrán ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ tí ó yà sórí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó fi bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Wọ́n pe àwọn òbí rẹ̀. Àwọn òbí dé, wọ́n jókòó, wọ́n kọ̀ láti mú un lọ sílé, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ra ìbọn fún un. Kò sí ẹni tí ó ṣí àpò ọmọ náà. Inú àpò náà ni ìbọn wà. Ó padà sí kíláàsì, nígbà tí ó sì di ọ̀sán, ó pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin. Ní 2024, ilé ẹjọ́ dá bàbá àti ìyá lẹ́bi ikú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, wọ́n sì rán wọn lẹ́wọ̀n ọdún 10 sí 15. Wọn kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí fún òbí kankan ní Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà náà. Ẹ ka iye ènìyàn tí ó rí nǹkan láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ tó sọ fún mi pé àdédé ni.

Kí ni ó wá kù fún wa láti ṣe? Fún àwọn ọmọ, a gbọ́dọ̀ ya òfófó sọ́tọ̀ kúrò lára ìkìlọ̀. Èdè wa bú aṣòfófó púpọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó sọ pé ọ̀rẹ́ òun fẹ́ kú tàbí fẹ́ pànìyàn kò ṣòfófó. Colorado dá ọ̀nà kan sílẹ̀ lẹ́yìn Columbine, Safe2Tell ni orúkọ rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi sọ ohun tí ó gbọ́ láìdárúkọ ara rẹ̀. Ìsọ nìkan kò sì tó. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ẹnìkan pe FBI nípa ọ̀dọ́ Parkland. Ìpè náà kò dé ọwọ́ àwọn tí ó yẹ, oṣù kejì sì ni ìpànìyàn náà ṣẹlẹ̀. Ẹni tí a bá sọ fún gbọ́dọ̀ dìde, kí ó sì lọ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ, kì í ṣe kí ó kàn lé e jáde kúrò nílé-ẹ̀kọ́ lọ bá ìbọn nílé.

Àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn máa ń ka ìtàn àwọn tí ó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wọn kó ìwé àti fídíò Columbine jọ. Ìdí nìyí tí n kò fi dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn lónìí. Ní ilẹ̀ wa, oríkì ni a fi ń gbé ènìyàn ró. Ẹ má ṣe bá wọn pín àwòrán apànìyàn lórí Facebook.

Ní ti ìbọn, ọdẹ ni bàbá tí ó bí bàbá mi. Ṣakabùlà rẹ̀ wà lórí àjà, ẹ̀tù wà nínú ìwo ní yàrá rẹ̀, ọta wà lọ́dọ̀ ìyá wa àgbà. Ọmọ tí ó bá fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn ti jẹ èèwọ̀ Ògún. Nígbà tí mo ka ìmọ̀ràn àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà, mo rẹ́rìn-ín: bí ìbọn yóò bá wà nínú ilé rárá, kí a yọ ọta rẹ̀, kí a tì í pa, kí a ti ọta pa sí ibòmíràn.

Ohun tí mo sọ fún ọkùnrin orí fóònù náà nìyẹn. Mo ní apá kan ẹbọ rẹ̀ ni. Ó jiyàn, ó gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè mí pé òun ti ra àpótí irin, òun ti tì í, ìyàwó òun sì ti ń sùn. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ní, kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ó ní ó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Mo ní, ǹjẹ́ ọmọ mọ ibẹ̀? Ó dákẹ́. Ó wá ní kí n dúró ná, kí n má pa fóònù, mo sì ń gbọ́ bàtà rẹ̀ bí ó ṣe ń gun àtẹ̀gùn.