Ẹ Má Gba Gbogbo Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Àgbà



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè dà bí àfojúdi létí ẹlòmíràn: ìfẹ́ la fi ń sọ àwọn òbí wa di aláìlera. Bí Màmá bá mú ìgbálẹ̀, a ti gbà á. Bí Bàbá bá fẹ́ bu omi, ọmọ-ọmọ mẹ́ta ti sáré dìde. “Ẹ jókòó, Mà, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó.” Ọmọ tó kọ́lé fún ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ á ra àga tìmùtìmù, á gba ọmọ ọ̀dọ̀, á sì padà sí Èkó. Nígbà tó bá yá, Màmá ò lè dá dìde lórí àga yẹn mọ́, a ní ogbó ló dé.

Ogbó nìkan kọ́. Lóòótọ́, láti bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ara ti ń dín díẹ̀díẹ̀, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n ìjókòó pípẹ́ ló ń mú kó tètè dín. Bí a bá fún iṣan níṣẹ́ tó fi díẹ̀ ju èyí tó ti mọ́ ọn lára, ara á fi amúaradàgbà inú oúnjẹ tún un mọ, á sì lágbára sí i, ìbáà jẹ́ ara arúgbó. Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ara wọn ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ ní ilé ìtọ́jú arúgbó, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 90, ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo. Ọ̀sẹ̀ 8 péré ni. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1990 fi hàn pé agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwa náà ti ní èrò pé iṣẹ́ ló ń gbé ara ró nílẹ̀. Nígbà tí Tai Solarin dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún báyìí, àwọn mìíràn ti kọjá rẹ̀. Kí ló dé tí iṣẹ́ tó gbé wọn ró lọ́mọdé á fi di èèwọ̀ fún wọn lágbà?

Àwọn onífísíò (physiotherapist) ló mọ bí a ṣe ń wọn irú iṣẹ́ yìí fún ara. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn láti ọdún 1966. Ọ̀pọ̀ rò pé ká fi òróró ra ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. Rárá o. Wọ́n á yẹ ara wò, wọ́n á yan eré ìmárale tó bá a mu, wọ́n á sì máa fi kún un. Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò náni ní kọ́bọ̀: jókòó sórí àga onígi tó dúró ṣinṣin, ká apá mọ́ àyà, dìde, rọra tún jókòó. Bí o bá ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún lónìí, tó bá yá á di ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Agbára itan tó ń gbéni dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru nìyẹn. Lẹ́yìn náà, di ògiri mú, gbé gìgísẹ̀ sókè. Tàbí kí o fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ẹnì kan wà nítòsí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa ṣe irú èyí, fún agbára àti ìdúróṣinṣin, ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí ìrìn.

Ẹlòmíràn á béèrè pé, “Eékún ń dùn mí, ṣé kí n ṣì máa rìn?” Bẹ́ẹ̀ ni. Kèrékèré inú oríkèé àgbà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Lílo oríkèé ló ń gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Itan tó le a máa gba ẹrù lórí eékún. Ìpara Róbù lè dín ìrora kù, kò lè fún itan lágbára. Ṣùgbọ́n ẹni tí àyà ń dùn, tí òòyì ń kọ́, tàbí tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ níbí, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ, mo bẹ̀ yín, ẹ fi onífísíò sí àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé, kí ìyá tó wà lábúlé má baà wọ mọ́tò méjì kó tó rí i. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dá ìgbálẹ̀ Màmá padà fún wọn.