Ọmọ Tí Wọ́n Ń Fìtínà ní Ilé-Ìwé

  

Ọmọ kan wà ní Ìgandò tàbí Ìkọ̀tún níbí, gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni inú máa ń run ún. Bàbá ní ọ̀lẹ ni, ìyá ní ibà ni. (Kí ni a kì í pè ní ibà ní àdúgbò wa?) Bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin, wọn a máa fa híjáàbù ẹ̀ yọ. Nínú Súrátù Hujurat, ayah 11, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa kí a máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, kí a sì máa pe ara wa ní orúkọ burúkú. Ẹni tó bá ní eré ọmọdé lásán ni, kó tún ayah náà kà.

Ní oṣù April 2024, fídíò kan jáde láti Lead British International School ní Abuja, níbi tí wọ́n ti ń gbá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan létí léraléra. Wọ́n ti ilé-ìwé náà fún ìgbà díẹ̀. Ilé-ìwé olówó ńlá ni o! Fídíò ni ayé fi mọ̀. Ọmọ mélòó ni ẹnikẹ́ni kò ya fídíò tiẹ̀?

Ẹ wo Ànábì Yusuf. Nígbà tó lálàá, bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún. Ànábì Yaqub kò fi ṣẹ̀rín. Ó gbọ́ ọ, ó sì kìlọ̀ fún un nípa àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nílé tiwa ńkọ́? "Ṣé o ò lọ́wọ́ ni? Lọ gbá òun náà!" Ọmọ tó bá gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbọ́ ọ tán. Ta ni? Níbo? Ọjọ́ wo? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá tíṣà rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ má lọ na ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu géètì. Láti 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé.

Bó bá jẹ́ ọmọ tiyín ló ń fìtínà ọmọ ẹlòmíràn ńkọ́? Ànábì (S.A.W.) ní kí a ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ì báà jẹ́ alábòsí. Wọ́n bi í bí a ó ti ṣe é. Ó ní kí a dá a dúró níbi àbòsí náà ni. Ìyá tó ń pariwo ní ọ́fíìsì pé "ọmọ tèmi ò lè ṣe é", kò tíì ran ọmọ náà lọ́wọ́. A ò sì ní yọ ilé-kéwú sílẹ̀: àwọn àgbà ọmọ-kéwú tí a fi ń ṣọ́ àwọn kékeré, ẹ̀yin áàfáà, ẹ máa yọjú wò wọ́n.

Nírọ̀lẹ́ òní, bí a bá ti fi dàbínù ṣínu tán, kí tẹlifíṣàn àti rédíò wa yìí pàápàá dákẹ́ díẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun ní ilé-ìwé, àti ẹni tí wọ́n ń sá fún. Kí ẹ̀yin náà sì dákẹ́, kí wọ́n lè dáhùn.