Arère Nínú Pátákó Tẹníìsì Orí Tábìlì

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wa, arère inú igbó wa, tí káfíńtà kì í fẹ́ fi ṣe òpó nítorí ikán, ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Yúróòpù fi ń ṣe àárín pátákó tẹníìsì orí tábìlì. Ó fúyẹ́. Pẹlẹbẹ igi márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ pọ̀. Iṣan ọ̀kan a dábùú ti èkejì, kí pátákó má baà ká. Òfin àgbáyé ní kí ìdá 85 nínú 100 nínípọn rẹ̀, ó kéré tán, jẹ́ igi. Ìtóbi àti ìrísí kò lófin. Èèkù ni tèmi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí èèkù tóbi jù fún ọwọ́ rẹ̀ a máa rò pé òun kò mọ̀ ọ́n gbá ni. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà fá a díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ náà sì máa dì í mú wò.