Ìbò Ẹlẹgbẹ́ Ẹni: Ọ̀rọ̀ fún Òṣìṣẹ́ Tí Ó Fẹ́ Díje sí Ìgbìmọ̀ Alákòóso Iṣẹ́ Rẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo òṣìṣẹ́ tí òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀: nọ́ọ̀sì, dókítà, olùkọ́, ẹnjinníà, akáǹtáǹtì, agbẹjọ́rò. Olúkúlùkù wọn ni ó ní ìgbìmọ̀ kan tí ń tọ́jú ìwé orúkọ, tí ń pinnu ẹni tí ó yẹ kí ó wọlé, tí ó sì ní agbára láti yọ orúkọ ẹni tí ó bá ba iṣẹ́ jẹ́. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1965 ni ó dá ICAN sílẹ̀ fún àwọn akáǹtáǹtì, Akintola Williams sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin ọdún 1979 ni ó fi ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí lélẹ̀. Òfin ọdún 1993 ni ó dá TRCN sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́. Nínú àwọn ìgbìmọ̀ báyìí, ìjọba ni í yan àwọn kan. Àwọn mìíràn a sì wọlé nípa ìbò àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ICAN ti ń dìbò yan àwọn tí yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀ wọn.

Nígbà tí ọ̀kan nínú wa bá jáde láti díje, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: bí wọ́n bá dìbò fún mi, ta ni mo ń lọ ṣiṣẹ́ fún? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀, ìgbìmọ̀ alákòóso ọ̀tọ̀

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni a fi ń jà fún owó oṣù, fún wákàtí iṣẹ́, fún ìsinmi àti fún owó ìfẹ̀yìntì. Bí ọ̀gá bá lé akẹgbẹ́ wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìtọ́, ẹgbẹ́ ni yóò dìde gbè é lẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ alákòóso kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà lórí owó oṣù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti rí i pé ẹni tí ó ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì, pé afárá tí ẹnjinníà yàwòrán rẹ̀ kò ní wó, àti pé owó oníbàárà tí ó wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kò di owó agbẹjọ́rò. Ará ìlú ni ìgbìmọ̀ ń dáàbò bò, ẹni tí kò lè yẹ ìwé ẹ̀rí dókítà wò kí ó tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Kí ló dé nígbà náà tí a fi ní kí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn dìbò? Ìdí rẹ̀ pé méjì. Èkíní, ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ni ó mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Èkejì, ẹni tí ọwọ́ aláṣẹ nìkan gbé sórí àga, ọwọ́ náà ni yóò máa wò kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìdí kejì yìí ni ìtàn kan láti Niamey fi yé wa.

Ohun tí Niamey kọ́ wa

Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, wà létí Odò Ọya kan náà tí ó ń ṣàn kọjá Jẹ́bà àti Lọ́kọ́jà. Níbẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò ni í pàdé láti dìbò yan olórí wọn, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní bâtonnier, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú ìwé orúkọ wọn tí ó sì ń bá agbẹjọ́rò tí ó bá ṣẹ̀ wí. Láti ọdún 2014 ni àjọ UEMOA, tí ó kó orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ń ná owó CFA pọ̀, ti ṣe òfin kan náà fún iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní gbogbo wọn.

Àwọn ará Nìjẹ̀r tilẹ̀ gbé ìlànà ìbò ẹlẹgbẹ́ yìí dé ilé ẹjọ́ tí ń túmọ̀ òfin ìpìlẹ̀. Ilé ẹjọ́ kì í ṣe ìgbìmọ̀ alákòóso iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà yan àwọn tí ó wà níbẹ̀ jọ èyí tí à ń sọ. Nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ènìyàn méje ni wọ́n ní kí ó wà nínú rẹ̀. Ààrẹ dá orúkọ ẹnìkan. Àwọn aṣáájú Ilé Aṣòfin dá orúkọ ẹnìkan. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mú ẹnìkan wá. Àwọn mẹ́rin yòókù, ìbò ẹlẹgbẹ́ ni ó gbé wọn débẹ̀: àwọn adájọ́ yan méjì, àwọn agbẹjọ́rò yan ẹnìkan, àwọn olùkọ́ òfin yan ẹnìkan. Ọdún mẹ́fà ni sáà wọn, a kì í sì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún 2009, sáà kejì Ààrẹ Mamadou Tandja ń parí lọ. Ó fẹ́ kí ará ìlú dìbò lórí òfin ìpìlẹ̀ tuntun tí yóò jẹ́ kí ó pẹ́ sí i lórí àga. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, ilé ẹjọ́ náà, tí Ìyáàfin Salifou Fatimata Bazèye jẹ́ ààrẹ rẹ̀, sọ pé òfin kò gba ìbò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Ààrẹ tú Ilé Aṣòfin ká. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ilé ẹjọ́ náà fagi lé àṣẹ tí Ààrẹ fi pe ìbò náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kan náà, Ààrẹ tú ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ká, ó sì fi àwọn mìíràn rọ́pò wọn. Ìbò wáyé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2010, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Tandja.

Ẹ kíyè sí i. Àwọn adájọ́ wọ̀nyí mọ ohun tí ó lè gbẹ̀yìn ìdájọ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n dá a. Àga bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ wọn kò bọ́ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, wọ́n tún dá ìbò ẹlẹgbẹ́ padà sínú rẹ̀.

Àmọ́ ìbò kì í ṣe odi tí kò ṣeé wó. Àwọn ológun tí wọ́n gbàjọba ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023 dá òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2010 náà dúró, ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 wọ́n sì tú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka ìdájọ́ ká. Ohun tí a fi ìjàkadì gbà, ìṣọ́ra ni a fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba

Aláṣẹ nìkan kọ́ ni ó lè ba ìbò ẹlẹgbẹ́ jẹ́. Àwa tí a dìbò yàn náà lè bà á jẹ́. Ní ọdún 1858 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ àwọn dókítà, tí à ń pè ní GMC, sílẹ̀ ní Ìlú Ọba. Nígbà tí ó fi di ọdún 2003, nínú ọmọ ìgbìmọ̀ 35, mọ́kàndínlógún ni àwọn dókítà dìbò yàn.

Dókítà kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Harold Shipman. Ní ọdún 1976, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó ń kọ ìwé oògùn èké láti fi gba oògùn apaniyè fún ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Ní ọdún 2000, wọ́n dá a lẹ́bi pé ó pa aláìsàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwádìí tí Adájọ́ Janet Smith ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ó kéré tán 215 ni ó pa. Nínú ìròyìn tí ó gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2004, adájọ́ yìí bá ìgbìmọ̀ náà wí pé ire dókítà ni wọ́n ń wò ju ààbò aláìsàn lọ, ó sì dámọ̀ràn pé kí àwọn tí dókítà dìbò yàn má ṣe jẹ́ ọ̀pọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2009, ìbò parí pátápátá. Yíyàn ni wọ́n ń yan gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà láti ìgbà yẹn, ìdajì wọn kì í sì í ṣe dókítà.

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí àwa òṣìṣẹ́ bá fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ wa, a gbọ́dọ̀ fi hàn pé a lè bá ara wa wí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí ará ìlú bá ti rí i pé a ń bo ara wa láṣìírí.

Kí o tó díje

Rí i pé orúkọ rẹ wà nínú ìwé, pé o ti san owó ọdọọdún, àti pé ẹjọ́ kankan kò sí lọ́rùn rẹ níwájú ìgbìmọ̀ náà. Gba òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, kí o kà á tán: àga mélòó ni ìbò wà fún, ọdún mélòó ni sáà, ta ni ó lè fọwọ́ sí ìwé ìdíje rẹ, ọjọ́ wo ni ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ akọ̀wé. Ọ̀pọ̀ olùdíje ni ìwé tí ó pẹ́ dé lè lé kúrò lórí ìlà.

Má ṣe ṣèlérí ohun tí ìgbìmọ̀ kò lágbára lé lórí. Ẹni tí ó bá ní òun yóò fi àga ìgbìmọ̀ fi kún owó oṣù ń tan àwọn olùdìbò jẹ. Sọ ohun tí ìgbìmọ̀ lè ṣe: kí ẹjọ́ má pẹ́ nílẹ̀, kí owó ìforúkọsílẹ̀ ní ìṣirò tí gbogbo ènìyàn lè rí, kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn mọ ẹ̀sùn náà kí ó sì rí ààyè wí tẹnu rẹ̀, kí ẹni tí ó fẹjọ́ sùn sì gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Bí o bá di ipò mú nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, sọ fún ẹ̀ka rẹ ṣáájú pé o máa fi í sílẹ̀ bí o bá wọlé. Ẹnìkan kò lè jẹ́ alágbàwí àti onídàájọ́ nínú ẹjọ́ kan.

Nígbà tí o bá wọlé

Bí ẹjọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, ìbátan rẹ tàbí ẹni tí ẹ jọ wà ní ẹ̀ka kan náà bá dé, dìde kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé o dìde. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Gbọ́ ti olùfisùn, gbọ́ ti olùjẹ́jọ́. Bí akẹgbẹ́ rẹ bá jẹ̀bi, sọ pé ó jẹ̀bi. Bí wọ́n bá fi í ṣe ẹran ìrúbọ nítorí pé ilé ìwòsàn kò ní iná àti omi, sọ ìyẹn náà sókè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mínísítà ń gbọ́. Padà wá sọ́dọ̀ àwọn olùdìbò rẹ, kí o ṣàlàyé ohun tí o ṣe, láìtú àṣírí ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Àti ẹ̀yin olùdìbò, ẹ má ṣe wo ẹ̀yà, ẹ má ṣe wo ẹni tí yóò bò yín. Ẹ wo ẹni tí ẹ lè fi ìyá yín lé lọ́wọ́ bí ó bá ń ṣàìsàn. Ìbò yín ni yóò mú kí ó lè dojú kọ aláṣẹ. Ohun tí ẹ óò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó lè dojú kọ ẹ̀yin náà nígbà tí òtítọ́ bá béèrè rẹ̀.