Ọwọ́ Tí Ó Di Okùn Ẹṣin Mú

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ṣókí lórí ohun tí èmi fúnra mi kọ́ lọ́dún yìí. Ẹṣin ni ó kọ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi kò ní gbàgbé ọjọ́ tí a lọ sí oko ẹran lẹ́yìn ìlú. Wọ́n fa okùn ẹṣin kékeré kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n mú un rìn yí ọgbà ká. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí yín, ṣùgbọ́n àyà mi ń já. Mo di okùn náà mú gírígírí, mo kọjú sí ẹṣin náà, mo sì ń fà á. Ó gbé orí sókè, ó yí etí méjèèjì sẹ́yìn, ó dúró bí òpó. Ọ̀kan nínú yín (n kò ní dárúkọ) rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà tí ń tọ́jú àwọn ẹṣin náà gba okùn lọ́wọ́ mi. Kò fà á, kò pariwo, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó mí kanlẹ̀, ó dẹ okùn díẹ̀, ó sì ń lọ. Ẹṣin náà tẹ̀ lé e.

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí wádìí.

Sísá ni ààbò ẹṣin, nítorí pé ọ̀kan ni nínú àwọn ẹran tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ọ̀gangan ẹ̀yìn rẹ̀ àti ibi díẹ̀ níwájú orí rẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó mọṣẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ èjìká lọ bá a, á sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni màlúù. Bí darandaran bá dúró sẹ́yìn èjìká rẹ̀, iwájú ni yóò lọ; bí ó bá bọ́ síwájú èjìká náà, yóò padà sẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ kan péré ni, kò sí pàṣán níbẹ̀. Abájọ tí àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́ fi sọ ọ́ di oyè: Olókùn-Ẹṣin.

Ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, olùkọ́ ìṣirò kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, Wilhelm von Osten, ní ẹṣin kan tí ń jẹ́ Hans. Bí a bá bi Hans ní iye tí méjì àti mẹ́ta jẹ́, yóò fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní 1904, ìgbìmọ̀ kan yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí ẹ̀tàn kankan. Oskar Pfungst ni ó wá tú àṣírí náà, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1907. Bí ẹni tí ń béèrè kò bá mọ ìdáhùn, Hans náà kò ní mọ̀ ọ́n. Bí Hans kò bá rí ẹni náà, kò ní mọ̀ ọ́n. Ara ènìyàn ni ó ń kà. Bí iye náà bá ti pé, orí olùbéèrè á mì díẹ̀, ara rẹ̀ á dẹ̀, láìmọ̀, Hans á sì dúró. Ẹ̀yin ọmọ, kò mọ ìṣirò o! Ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn, n kò sì mọ èwo ló le jù.

Àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Sweden tẹ iṣẹ́ tiwọn jáde ní 2009. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn mú ẹṣin rìn láti ibì kan dé ibì kejì. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n sọ fún wọn pé agbòòrùn kan yóò ṣí lójijì bí ẹṣin bá ń kọjá. Kò sẹ́ni tí ó ṣí agbòòrùn kankan. Síbẹ̀, ọkàn àwọn ènìyàn náà ń lù kíkankíkan, ọkàn àwọn ẹṣin, tí kò gbọ́ nǹkankan nípa agbòòrùn, sì yára sí i pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀yin òbí, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì, òmíràn nínú yín á di ọwọ́ ọmọ mú gírígírí, á fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi lójú rẹ̀ pé, “Tísà, kò lè sọ Yorùbá o.” Ọmọ náà á wo ojú yín, á wo ojú mi, á sì pa ẹnu mọ́ títí a ó fi jáde. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. N kò dá yín lẹ́bi. Ẹ̀rín músẹ́ tèmi náà kò tan ẹṣin jẹ.

Mo padà lọ bá màmá olùtọ́jú ẹṣin náà. Mo bi wọ́n léèrè ìgbà tí ẹ̀rù ẹṣin kò bà wọ́n mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹṣin ti tẹ àwọn lẹ́sẹ̀ rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ̀rù ṣì máa ń ba àwọn. Àwọn kàn mọ ohun tí ó kàn tí ọwọ́ yóò ṣe ni. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ní kí n mí, kí n dẹ okùn, kí n wo ibi tí mò ń lọ. Ẹṣin kékeré náà tẹ̀ lé mi ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin gbáko. Lẹ́yìn náà ó rí koríko.